Ohun tí iṣẹ́ òfin nídìí ẹ̀rọ tuntun ti kọ́ mi

Àwọn ọmọ tó ń ka òfin máa ń bi mí pé Prof, báwo lẹ ṣe ń lé gbogbo ẹ̀rọ tuntun tó ń jáde yìí bá, ṣé kì í rẹ̀ yín ni? Èmi ò lé ẹ̀rọ kankan o. Ìbéèrè ni mò ń lé, àwọn ìbéèrè ọ̀hún ò sì pọ̀, wọ́n ti dàgbà ju gbogbo wa lọ, ẹ̀rọ tuntun kàn ń jí wọn dìde ni. Ta ló ṣe nkan yìí? Kí là ń pè ní ẹ̀dà? Kí lèèyàn lè gbé mọ́ra pé tèmi nìyí, kí ló sì yẹ kó wà nílẹ̀ fún gbogbo ayé? Látìgbà tí mo ti ń kọ́ni ní òfin pàténtì (ẹ̀tọ́ ẹni tó hùmọ̀ nkan) àti copyright (ẹ̀tọ́ ẹni tó kọ ìwé, tó kọrin tàbí tó ya àwòrán) ní fásitì, láti ayé àwo CD títí dé ayé AI tá a wà yìí, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ṣe bí ẹni ní ọpọlọ, abẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìbéèrè yìí ni gbogbo ẹjọ́ tó dé iwájú mi máa ń bọ́ sí. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, torí àwọn kan ń sá fún un pé àwọn ò mọ kọ̀ǹpútà, àwọn míì sì ń sáré wọ̀ ọ́ torí wọ́n rò pé kéèyàn ṣáà ti mọ kọ̀ǹpútà, ó ti parí.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ ẹ̀dà yẹn. Lọ́dún 1908, ẹjọ́ kan dé Kóòtù tó ga jùlọ l'Amẹ́ríkà, White-Smith, ilé iṣẹ́ tó ń tẹ ìwé orin, àti ilé iṣẹ́ Apollo ni wọ́n jọ ń fà á. Nígbà yẹn, dùùrù tó ń fúnra ẹ̀ kọrin ló gbòde. Wọ́n á gbé bébà gígùn kan tí wọ́n ti ká róbótó sínú ẹ̀, ihò wẹ́wẹ́ ló wà lára bébà náà, atẹ́gùn á máa gba ojú ihò yẹn kọjá, dùùrù á sì máa lu orin láìsí pé ọwọ́ èèyàn kàn án. Apollo wá ń ta bébà oníhò, orin tí White-Smith ní àṣẹ lórí ẹ̀ ló wà lára ẹ̀, wọn ò sì sanwó fún un. Kóòtù ní kò sí ẹ̀dà kankan níbẹ̀, pé kò sẹ́ni tó lè wo ihò ara bébà kó sì kà á bó ṣe máa ń ka nótì orin, pé apá kan lára ẹ̀rọ ni bébà yẹn. Bí White-Smith ṣe padà sílé lọ́wọ́ òfo nìyẹn. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ìyẹn 1909, àwọn aṣòfin tún un ṣe, wọ́n ní ẹni tó bá ni orin ló ni àṣẹ lórí irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ náà, àmọ́ tó bá ti gbà fún ẹnì kan pẹ́nrẹ́n, ẹlòmíì lè ṣe tiẹ̀ tó bá ṣáà ti san sẹ́ǹtì 2 lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan.

Ó pẹ́ tí mo ti ń fi ẹjọ́ yẹn kọ́ni, ọ̀pọ̀ ọmọ kíláàsì ni kì í rí ìdí tó fi yẹ ká máa jókòó ti bébà oníhò láyé íntánẹ́ẹ̀tì. Ìgbà tí November 2025 dé ló yé gbogbo wọn. Lọ́jọ́ 4 oṣù yẹn, High Court ní London dá ẹjọ́ Getty Images, ilé iṣẹ́ tó ń ta fọ́tò, àti Stability AI, ilé iṣẹ́ tó ṣe AI tó ń ya àwòrán, adájọ́ ní módẹ́lì AI (ìyẹn àkójọ nọ́ńbà tí ẹ̀rọ náà fi ń ṣiṣẹ́) tí kò tọ́jú fọ́tò kankan sínú, tí ò sì tọ́jú ẹ̀ rí, kò lè jẹ́ ẹ̀dà tó lòdì sí òfin copyright ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ẹ̀, lọ́jọ́ 11, kóòtù kan ní Munich ní Jámánì dá ẹjọ́ GEMA, ìyẹn ẹgbẹ́ tó ń bá àwọn olórin gba owó iṣẹ́ wọn, àti OpenAI, ilé iṣẹ́ tó ṣe ChatGPT. Kóòtù yẹn ní tí ọ̀rọ̀ orin bá ti wọ inú nọ́ńbà módẹ́lì débi pé èèyàn béèrè ẹ̀ tààrà tó sì jáde síta, ẹ̀dà ni, ì báà jẹ́ nọ́ńbà ló fi wà níbẹ̀. Òótọ́ ni pé òfin tí wọ́n lò yàtọ̀ síra, ẹ̀rí tó wà níwájú wọn náà ò dọ́gba. Síbẹ̀ ìbéèrè bébà oníhò ni: tí ojú èèyàn ò bá rí i kà, ṣé ó wà níbẹ̀ àbí kò sí?

Ibi tí mo ti mọyì ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ẹnjiníà nìyí. Kí àwọn ẹjọ́ yẹn tó di ariwo rárá, mo ti lọ jókòó tì í ní ọ́fíìsì ẹ̀ pé kó fi bí módẹ́lì èdè ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́ hàn mí, kó má fi àwòrán ẹlẹ́wà tí wọ́n ń lò níbi àpérò ṣàlàyé, kó fi iṣẹ́ gan-an hàn mí. Ó gbé gbólóhùn kan síwájú mi, ó gé e sí wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan di nọ́ńbà, ẹ̀rọ á wá máa mefò èyí tó kàn, tó bá ti ṣì í, wọ́n á yí àwọn nọ́ńbà inú ẹ̀ díẹ̀, á tún mefò míì, báyẹn báyẹn títí lọ, débi pé nígbà tó bá fi parí, kò sí ìwé kankan nínú ẹ̀ mọ́, àfi nọ́ńbà. Mo ní ó dáa, á jẹ́ pé kò sí ẹ̀dà. Ó ní kí n ní sùúrù. Ó tẹ ìlà àkọ́kọ́ ewì àtijọ́ kan sínú ẹ̀, ewì tí kò sí lábẹ́ copyright mọ́, ẹ̀rọ yẹn ka ìyókù láìfi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Ó tún yí ọ̀rọ̀ kan péré padà nínú ìlà àkọ́kọ́ yẹn, nkan tó wá jáde ò jọ ewì yẹn mọ́ rárá. Ó tẹ ewì míì tí kò gbajúmọ̀, ẹ̀rọ ò mọ̀ ọ́n, ó kàn ń hun tiẹ̀ lọ.

Ohun tí mo rí lórí tábìlì yẹn lọ́jọ́ náà, mi ò rí i nínú ìwé òfin kankan. Iṣẹ́ tí wọ́n bá ti tún kà fún un lọ́pọ̀ ìgbà ló sábà máa ń há sórí, ọ̀pọ̀ yanturu ìyókù á kàn yọ́ mọ́ ara wọn ni. Nítorí náà tí lọ́yà kan bá dúró níwájú adájọ́ tó ní gbogbo ohun tí wọ́n fi kọ́ módẹ́lì ló wà nínú ẹ̀ bí ìwé ṣe wà nínú ilé ìkàwé, kò sọ òótọ́ tán. Tí ti ẹgbẹ́ kejì náà bá sì dìde pé nọ́ńbà lásán ni, kò sọ òótọ́ tán. Àtìgbà yẹn ni mo ti fi í ṣe òfin fún ara mi pé mi ò ní kọ àpilẹ̀kọ lórí ẹ̀rọ tí ẹni tó ń ṣe é ò tíì jókòó fi iṣẹ́ inú ẹ̀ hàn mí. Ó máa ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn, mo mọ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á ti kọ tiwọn jáde nígbà tí mo ṣì ń bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn ẹnjiníà, ṣùgbọ́n mi ò rí ọ̀nà míì tó ṣeé gbára lé.

Kí n tún fi kún un pé nínú ẹjọ́ London yẹn, Getty fúnra ẹ̀ jáwọ́ nínú apá tó dá lórí kíkọ́ módẹ́lì náà nígbà tí ẹjọ́ ń lọ lọ́wọ́, torí kò sí ẹ̀rí pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti kọ́ ọ. Èyí máa ń ya àwọn ọmọ lẹ́nu. Íntánẹ́ẹ̀tì ò mọ ààlà, òfin copyright mọ ààlà dáadáa, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ni tiẹ̀. Àdéhùn Berne ti ọdún 1886 so wọ́n pọ̀ díẹ̀, kò sọ wọ́n di ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, kó yáa fi ara ẹ̀ sílẹ̀ láti máa ka òfin ilẹ̀ ibòmíì. Japan tún òfin tiwọn ṣe lọ́dún 2018 kí àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà yẹ dátà wò lè rí àyè ṣe é, Yúróòpù ṣe tiẹ̀ lọ́dún 2019, wọ́n sì fún oníṣẹ́ láyè láti sọ pé ẹ má fi tèmi ṣe é, àfi tó bá jẹ́ ilé ìwádìí ló ń ṣe é fún ìwádìí sáyẹ́ǹsì, Amẹ́ríkà ò kọ irú ẹ̀ sínú òfin, ọwọ́ adájọ́ ni wọ́n fi í sí láti máa wo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ kan náà, ibi tó o ti ṣe é ló máa sọ bóyá o jẹ̀bi.

Ìbéèrè ta ló ṣe é náà ti pẹ́. Ọdún 1884 ni Kóòtù tó ga jùlọ l'Amẹ́ríkà gbọ́ ẹjọ́ fọ́tò kan tí ayàwòrán Napoleon Sarony yà fún Oscar Wilde. Ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé tó tẹ fọ́tò yẹn láìgba àṣẹ ní ẹ̀rọ ló ya fọ́tò, kì í ṣe èèyàn, kí ló kan copyright níbẹ̀? Kóòtù wo bí Sarony ṣe ní kí ọkùnrin náà jókòó, aṣọ tó yàn, bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń wọlé, wọ́n ní ọgbọ́n inú èèyàn ló wà níbẹ̀, òun ló ṣe é. Ẹ wá wo bí ìdájọ́ yìí ṣe tọ̀ wá wá. Ní February 2023, ọ́fíìsì copyright Amẹ́ríkà yẹ ìwé àwòrán kan tó ń jẹ́ Zarya of the Dawn wò, ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ àti bí wọ́n ṣe to ojú ewé ẹ̀, wọ́n gbà pé èèyàn ló ṣe é, àwọn àwòrán tí AI yà, wọ́n ní rárá. Ní November ọdún kan náà, kóòtù íntánẹ́ẹ̀tì ní Beijing ní ẹni tó ń yan ọ̀rọ̀ tó fi pàṣẹ fún ẹ̀rọ, tó sì ń tún un tò títí àwòrán fi rí bó ṣe fẹ́, òun ló ni í. Èmi rò pé Beijing sún mọ́ ohun tí Kóòtù sọ nípa Sarony ju bí àwọn èèyàn ṣe ń gbà lọ, tó bá jẹ́ pé lóòótọ́ lẹni náà darí ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan péré téèyàn tẹ̀ tí àwòrán fi jáde, mi ò rò pé iṣẹ́ wà níbẹ̀ tó òfin í dáàbò bò.

Ti pàténtì yá díẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Stephen Thaler ló kọ orúkọ ẹ̀rọ AI ẹ̀, DABUS, sórí ìwé pé òun ló hùmọ̀ ike oúnjẹ kan àti iná kan tó ń tàn wìrìwìrì. Gúúsù Áfíríkà fún un ní pàténtì lọ́dún 2021, níbẹ̀ wọn kì í tú inú ìwé wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Adájọ́ kan l'Ọsirélíà gbà fún un lọ́dún yẹn náà, kóòtù tó ga ju tiẹ̀ lọ sì fagi lé e lọ́dún 2022. Amẹ́ríkà kọ̀ ọ́, kóòtù tó ga jùlọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà kọ̀ ọ́ ní December 2023. Gbogbo àwọn tó kọ̀ ọ́ yìí fẹ́ rí èèyàn.

Ìbéèrè kẹta yẹn, kí lèèyàn lè gbé mọ́ra pé tèmi nìyí, òun ló mú mi dúró nínú iṣẹ́ yìí. Ọdún 1980, Kóòtù tó ga jùlọ l'Amẹ́ríkà gbà, ìbò 5 sí 4, pé bakitéríà tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ Chakrabarty tún dá láti máa jẹ epo rọ̀bì tó dà sílẹ̀ lè ní pàténtì torí kò sí irú ẹ̀ nínú ẹ̀dá tẹ́lẹ̀. Látibẹ̀ ni àwọn ilé iṣẹ́ ti ń gba pàténtì lórí jíìnì ara èèyàn, títí kan BRCA tó níí ṣe pẹ̀lú jẹjẹrẹ ọmú. Nígbà yẹn, obìnrin tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá àrùn yẹn ń tẹ̀ lé ìdílé òun l'Amẹ́ríkà, ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ kan náà ló máa lọ, iye tí wọ́n bá pè ni, tó bá sì fẹ́ kí ẹlòmíì tún un yẹ̀ wò, kò rọrùn rárá. Ọdún 2013 ni gbogbo adájọ́ kóòtù yẹn fẹnu kò pé rírí nkan tó ti wà nínú ara èèyàn, kéèyàn sì yọ ọ́ sọ́tọ̀, kò sọ ọ́ di tiẹ̀. Ọjọ́ tí ìdájọ́ yẹn jáde inú mi dùn gan-an, mo kà á tán mo tún un kà. Òfin tá à ń jókòó tì nínú kíláàsì yìí, ara èèyàn ló ń lọ bá.

Mo tún fẹ́ sọ ti ọmọbìnrin kan tó wá bá mi, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni, kò tíì pẹ́ tó gba PhD. Ó ti rí ọ̀nà kan tí bátìrì á fi máa tètè gba iná, iṣẹ́ tó dáa. Ó gbé ìwé wá, inú ẹ̀ ń dùn, ó ní Prof ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ gba pàténtì. Mo ní ṣé o ti sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun ti gbé e kalẹ̀ níbi àpérò, ó tiẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣe lẹnu mi wúwo. Ní Yúróòpù, ohun tó bá ti hàn sí gbogbo ayé kéèyàn tó kọ̀wé béèrè pàténtì, kì í ṣe tuntun mọ́, ó tán, àfi àwọn ìgbà díẹ̀ bíi pé ẹnì kan jí i gbé jáde. Amẹ́ríkà àti Japan ṣì fún èèyàn ní ọdún kan. A jọ ka ọjọ́ tó gbé e jáde, ó ṣì kù díẹ̀, ó sáré kọ̀wé sí ibi tó ṣì ṣí sílẹ̀ fún un, Yúróòpù ti lọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún un rí. Gbogbo ọdún tó fi wà nílé ẹ̀kọ́, ohun tí wọ́n ń sọ fún un ni pé tètè gbé iṣẹ́ ẹ jáde. Láti ìgbà yẹn, mo máa ń bẹ àwọn olórí ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì pé kí wọ́n jẹ́ kí n bá àwọn ọmọ wọn sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan péré ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ohun kan ṣoṣo ni mo sì máa ń sọ fún wọn, kọ̀wé béèrè kó o tó sọ ọ́ síta, tó bá wá jẹ́ pé o fẹ́ kó jẹ́ ti gbogbo ayé, ìyẹn náà dáa, kó ṣáà jẹ́ pé ìwọ lo yàn án.

Nínú kíláàsì tèmi, mo máa ń yọ àwòrán kúrò lára ìwé pàténtì kan, màá fún àwọn ọmọ ní gbólóhùn tó sọ ibi tí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ dé, màá ní kí wọ́n ya ohun tí wọ́n kà. Ẹnì kan á ya nkan tó ní ìdérí, ẹnì kan á ya èyí tí kò ní, ẹlòmíì á fi ọwọ́ méjì sí i. Gbogbo wọn á wá bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn, kálukú á máa fi ìka tọ́ka sí ọ̀rọ̀ tó gbé e débẹ̀. Mi ò ní láti sọ púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, torí iyàn tí wọ́n ń jà yẹn gan-an ni kóòtù máa ń fi ọdún gbọ́rọ gbọ́. Àwọn tí ò ka sáyẹ́ǹsì rí sì máa ń ṣe dáadáa níbẹ̀, nígbà míì wọ́n tiẹ̀ máa ń ju àwọn tó kà á lọ torí wọn kì í fi ohun tí wọ́n ti mọ̀ kún ohun tó wà nílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó náà wà níbẹ̀, ẹ má jẹ́ ká fò ó. Ẹni tó bá mọ òfin ẹ̀rọ tuntun, àwọn ilé iṣẹ́ á máa wá a. Wọ́n ti gbé ìwé wá bá mi rí tí wọ́n ti kọ ìparí ẹ̀, wọ́n kàn fẹ́ kí n wá àlàyé tó máa gbé e débẹ̀ kí n sì fọwọ́ sí i bí ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo dá a padà. Mo máa ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ mọ ohun tí òfin sọ, màá sì kọ ọ́ sókè àpilẹ̀kọ mi pé àwọn báyìí sanwó fún mi. Àwọn adájọ́ ń ka ohun tá à ń kọ, wọ́n ń tọ́ka sí i nínú ìdájọ́, wọ́n gbà pé ẹni tó kọ ọ́ ò sí lábẹ́ ẹnikẹ́ni, tá a bá wá tà á, àwọn tí ò lágbára àtigba lọ́yà ńlá ló máa jẹ gbèsè ẹ̀.

Kéèyàn tún múra sílẹ̀ fún dídúró. Ẹjọ́ Oracle àti Google bẹ̀rẹ̀ ní 2010, nǹkan bí ìlà kóòdù (ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà) 11,500 ni Google mú nínú mílíọ̀nù 2.86 tó jẹ́ ti Oracle, April 2021 ni kóòtù tó ga jùlọ l'Amẹ́ríkà tó dá a pé ohun tí Google ṣe bófin mu. Àwọn ọmọ tí mo fi ìbẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ yẹn kọ́ ti di lọ́yà àgbà kó tó parí. Tó o bá ń kọ nítorí ìròyìn tó gbòde lọ́sẹ̀ yìí, iṣẹ́ ẹ á ti gbó kí jọ́nà, ìyẹn ìwé tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń kọ sí, tó gbé e jáde.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn báyìí ni ìpamọ́. Àdéhùn tó wà nídìí pàténtì ni pé ìlú fún ẹ ní ogún ọdún, ìwọ náà ṣàlàyé iṣẹ́ ẹ débi tí ẹlòmíì á fi lè ṣe é, oṣù 18 lẹ́yìn tó o kọ̀wé, wọ́n sábà máa ń gbé e jáde kí gbogbo ayé lè kà á. Àwọn tó ń ṣe AI ti rí i pé ó sàn kí wọ́n pa á mọ́, kí wọ́n pè é ní àṣírí òwò, àṣírí ò sì ní ogún ọdún, ó lè wà bẹ́ẹ̀ títí. Ohun tí wọ́n fi kọ́ módẹ́lì, bí wọ́n ṣe rí i, bí wọ́n ṣe ṣẹ́ ẹ kù, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ni ò sẹ́ni tó mọ̀ níta. Òfin AI ti Yúróòpù ti bẹ̀rẹ̀ láti August 2025 pé kí wọ́n máa gbé àkópọ̀ ohun tí wọ́n fi kọ́ módẹ́lì ńlá jáde, ìgbésẹ̀ gidi ni, ṣùgbọ́n àkópọ̀ ni, olùkọ̀wé kan ò lè fi ibẹ̀ mọ̀ bóyá ìwé tòun wà níbẹ̀. Nígbàkúùgbà tí àwọn aṣòfin bá ní kí ará ìlú mú èrò wá, mo máa ń kọ ti mi ránṣẹ́, ohun tí mo sì ń béèrè níbẹ̀ ò le: ibì kan tí olórin, ayàwòrán tàbí òǹkọ̀wé á ti lè tẹ orúkọ iṣẹ́ ẹ̀, kí wọ́n sì dá a lóhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ pe ẹjọ́. Ẹnjiníà ọ̀rẹ́ mi ní ó ṣeé ṣe, a sì ti jọ ń kọ bí wọ́n ṣe lè ṣe é sílẹ̀, òun ń kọ apá ẹ̀rọ, èmi ń kọ apá òfin.